Ẹni Tó Kàn Lórí Bẹ́ǹṣì

Kò tíì sẹ́ni tó kanlẹ̀kùn, Dókítà ti gbọ́ ọ. Ó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀, ojú ẹ̀ là sílẹ̀ kedere, ó ń wo òkè àjà bí ìgbà tí nǹkan fẹ́ já bọ́ láti ibẹ̀. Ìgbà tó yá ló wá gbọ́ ariwo gidi: gììrì, gììrì, gììrì. Màmá, ìyá ọkọ ẹ̀, ló ń wọ́ bẹ́ǹṣì jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ọjọ́ ìsinmi ẹ̀ ni o. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, torí àwọn ará ilé yẹn ò jọ ẹni tó gbọ́: ọjọ́ ìsinmi Dókítà ni.

Bẹ́ǹṣì ọ̀hún, ọkọ ẹ̀ ló kàn án. Káfíńtà ni ọkọ ẹ̀. Igi líle ló fi ṣe é, ó fá a dáadáa, ó fi pólíṣì pa á, ó ní káwọn tó ń wá rí ìyàwó òun nílé yéé dúró lóòró bí òpó iná. Inúure ni. Àmọ́ látọjọ́ tí bẹ́ǹṣì ti dé, kò ṣófo rí. Màmá wá fi tiẹ̀ lé e. Ó ṣa ìdérí ìgò jọ sínú abọ́, ó kọ nọ́ńbà sínú wọn níkọ̀ọ̀kan. Tóo bá ti dé, wàá na ọwọ́, Màmá á fi ìdérí kan sí i, wàá jókòó. Kò sí pé mo mọ ẹnì kan, kò sí pé mo ń kánjú. Gbogbo àdúgbò ló ń pe Màmá ní Ìyá Dókítà, òun náà á sì jẹ́ ẹ tayọ̀tayọ̀, bí ẹni pé òun gan-an ló jókòó ṣèdánwò.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ nínú ilé yẹn ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá. Ọmọ kékeré kan wà ní wọ́ọ̀dù, ìyá ẹ̀ dì í mú. Dókítà fa oògùn sínú abẹ́rẹ́, ó ti nà án sọ́mọ, àfi bí nọ́ọ̀sì ṣe gbá a lọ́wọ́ mú. "Dókítà, ọmọ ọwọ́ mà nìyí." Dókítà wo abẹ́rẹ́. Ìwọ̀n àgbàlagbà ló fà síbẹ̀. Ká ní nọ́ọ̀sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni, ọ̀rọ̀ ìbá ti di nǹkan míì. Dókítà ò sunkún o. Ohun tó ń dẹ́rù bà á jù nìyẹn. Kò ṣe é bíi nǹkankan. Ó da oògùn nù, ó fa òmíràn, ó fún ọmọ, ó sì kígbe pé "Ẹni tó kàn!" Ìgbà tó délé ni ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kò sì tíì dáwọ́ dúró. Ó tì í bọ abẹ́ ìrọ̀rí, bí ẹni tó jí nǹkan gbé.

Ẹnì kan ṣoṣo ló sọ ọ́ fún, ìyẹn ni Kóòṣì. Dókítà àgbà obìnrin kan ni Kóòṣì, ó ti fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ tó wá ń ṣe báyìí ni kó máa bá àwọn dókítà tí iṣẹ́ ti fa gbogbo omi inú wọn gbẹ sọ̀rọ̀, kí wọ́n lè mọ bí wọ́n ṣe máa ṣiṣẹ́ tí iṣẹ́ ò ní ṣe wọ́n. Lórí fóònù ló ti gbọ́ gbogbo ẹ̀. Kò pariwo, kò káàánú. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló fún Dókítà fún ọjọ́ òní.

"Jókòó jẹun. Oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan péré, látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Pa fóònù, ti ilẹ̀kùn."

"Ṣé ìyẹn náà niṣẹ́, Mà?"

"Ṣe é ná, ká wò ó. Tóo bá tún wọ wọ́ọ̀dù báyìí láìsinmi, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni nọ́ọ̀sì máa wà nítòsí."

Ìyẹn ló gbé Dókítà dìde tó fi lọ sí kíṣìnnì. Káfíńtà jókòó ti tábìlì, ó ń mu tíì, búrẹ́dì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ìkòkò ìrẹsì Màmá ti wà lórí gáàsì, ó ń hó. Ọmọbìnrin wọn, tí gbogbo ayé ń pè ní Tínrín torí pé ẹsẹ̀ ẹ̀ dà bí igi ìgbálẹ̀, ń fi ṣíbí yí ṣúgà po nínú ife tí kò sí tíì nínú ẹ̀.

"Bàbá Tínrín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún Màmá kí wọ́n gbé bẹ́ǹṣì wọlé."

"Kí n sọ fún ta ni?" Káfíńtà rẹ́rìn-ín. "Lọ sọ fún wọn fúnra ẹ. Èmi ò fẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ọmú tí mo mu fún mi láàárọ̀ kùtùkùtù."

"Kóòṣì ní kí n—"

"Kóòṣì! Ṣé bọ́ọ̀lù lo fẹ́ máa gbá fún wọn ni? Odidi dókítà, o wá lọ gba kóòṣì. Ó kù kí wọ́n máa fọn fèrè fún ẹ."

Tínrín bú sẹ́rìn-ín. Dókítà ò rẹ́rìn-ín.

"Mi ò sùn, Bàbá Tínrín."

"Ta ló sùn? Èmi náà, láti àná ni mo ti wà nídìí àwọn kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, ẹ̀yìn ń ro mí. Tó bá rẹ̀ ẹ́, ṣebí kóo sinmi."

"Níbo?"

Ọkùnrin yẹn la ẹnu kó dáhùn. Ó ti búrẹ́dì bọ inú tíì, búrẹ́dì já sínú ife, ó rì, gbogbo wọn sì jọ ń wò ó.

"Mọ́mì," Tínrín ní, "ẹ wò ó, mo fẹ́—"

"Tó bá yá, Tínrín."

Ọmọ náà gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó ti mọ̀ pé tó bá yá kì í yá.

Bí Màmá ṣe wọlé nìyẹn, abọ́ ìdérí ìgò lọ́wọ́ ẹ̀, ó ń dún ṣaworo ṣaworo. "Dókítà mi! Dókítà ilé wa! Wọ́n ti ń dé o."

"Màmá, ẹ má bínú. Mi ò lè ṣe é lónìí."

"O ò lè ṣe kí ni?"

"Ó rẹ̀ mí, Mà."

"Ó rẹ̀ ẹ́. Èmi tí mo bí ọmọ méje, kò rẹ̀ mí rí, àbí?" Màmá gbé ìdérí ìkòkò, ó wo ìrẹsì, ó dé e padà. "A kì í fi iná sórí òrùlé ká lọ sùn. Ìyá Oníbúrẹ́dì ń wúkọ́ bí ẹ́ńjìnnì tó fẹ́ kú. Yẹ̀ wọ́n wò fẹ́rẹ́, kóo wá jẹun. Ìrẹsì ò ní sá lọ."

Dókítà wo ọkọ ẹ̀. Ọkọ ẹ̀ ń wo búrẹ́dì. Dókítà mú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà lórí ìṣó, ó jáde. Ọwọ́ òsì ló fi mú un.

Ẹ ò rí bẹ́ǹṣì yẹn, ó ti kún! Ìyá Oníbúrẹ́dì ló wà níwájú, ó gbé ẹyin wá nínú ọ̀rá. Bàbá Géètì, ọkùnrin tó ń ṣọ́ ilé olówó tó wà lápá òkè, na ẹsẹ̀ kan gbọọrọ, ó ń fọwọ́ pa orúnkún bí ẹni ń fọwọ́ pa ológbò lórí. Àwọn mẹ́ta míì wà lẹ́yìn wọn, ẹnu ò sì dákẹ́.

"Wọ́n ní dókítà méjì péré ló kù ní ọsibítù wọn o," Ìyá Oníbúrẹ́dì ń sọ. "Àwọn tó kù ti kó lọ."

"Kó lọ síbo?"

"Ibi tí wọ́n ti ń jẹ́ kéèyàn sùn ni."

Bàbá Géètì kàn rẹ́rìn-ín. "Tiwa ò lè lọ ní tiẹ̀. Èèyàn Ọlọ́run ni. Kì í rẹ̀ ẹ́ bọ̀rọ̀."

"Ta ló ní kì í rẹ̀ ẹ́? Ẹ wojú ẹ̀."

"Ojú ìwé nìyẹn. Gbogbo ẹni tó bá kàwé jù lojú ẹ̀ máa ń rí bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ò kàwé, Bàbá Géètì, kí ló wá bá tiyín jà?"

Gbogbo bẹ́ǹṣì mì tìtì fún ẹ̀rín. Dókítà jókòó sórí àpótí tó kọjú sí wọn, tábìlì kékeré wà níwájú ẹ̀. "Ẹni tó kàn," ó ní. Ohùn tó jáde kì í ṣe ohùn ilé, ohùn wọ́ọ̀dù ni.

Ó gbọ́ àyà Ìyá Oníbúrẹ́dì. Bó ṣe gbọ́ ọ náà ló gbàgbé ohun tó gbọ́, ó ní kí obìnrin náà tún mí. Ó mí. Ó ní kó tún mí. Ìyá Oníbúrẹ́dì yọjú wò ó. "Ṣé kò burú, Dókítà?" "Kò burú, Mà." Àmọ́ ó fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni kò burú, ọkàn ẹ̀ sì ń lù kìkìkì lórí ọ̀rọ̀ tó ti tẹnu ẹ̀ jáde.

Fóònù dún. Ọ̀gá ọsibítù ni.

"Dókítà, ẹnì kejì ẹ ò wá o. Wọ́n ní kò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́ọ̀dù ti kún. Mo ti ní kí dírẹ́bà máa bọ̀ wá gbé ẹ."

"Sà, òní ni mo—"

"Mo mọ̀. Lónìí nìkan. Ṣé ó dáa?"

"Ó dáa, sà."

Kò mọ bó ṣe sọ ọ́. Ẹnu ẹ̀ ti mọ "ó dáa" bí ẹsẹ̀ ṣe mọ ọ̀nà ilé, kò dúró bèèrè lọ́wọ́ orí mọ́. Ó fi fóònù sápò. Ó fẹ́ dìde, kó lọ wọṣọ iṣẹ́, àmọ́ bẹ́ǹṣì ṣì wà níwájú ẹ̀, ó sì rò ó pé kóun tètè ṣe wọ́n tán kí dírẹ́bà tó dé. Ó tẹ orúnkún Bàbá Géètì, ó ní kó yéé jókòó lójú kan. Ó wo ìtọ̀ ẹnì kan, ó wo ahọ́n ẹnì kan. Kò wojú ẹnì kankan mọ́.

"Ẹni tó kàn."

Ìdérí ìgò bọ́ sórí tábìlì, ó yí, ó dúró.

"Kí ló ń ṣe yín?" Orí ẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, ó ń nu ẹ̀rọ.

"Mi ò mọ̀."

"Ó ti tó ọjọ́ mélòó?"

"Ó ti pẹ́."

"Ṣé ó ń dùn yín?"

"Ó máa ń dùn mí díẹ̀. Tí ẹ bá ti ní tó bá yá."

Ìgbà yẹn ni Dókítà tó gbójú sókè. Tínrín ló jókòó síwájú ẹ̀, ó ká ọwọ́ méjèèjì sórí itan bí àgbàlagbà, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò kanlẹ̀. Ẹnì kan lórí bẹ́ǹṣì fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ìyá Oníbúrẹ́dì pàápàá gbé ikọ́ mì.

"Tínrín!" Màmá ló kọ́kọ́ rí ohùn. "Ta ló fún ẹ ní ìdérí?"

"Ẹ̀yin náà ni, Màmá. Mo nawọ́, ẹ fún mi. Ẹ ò wojú mi ni."

Màmá gbé abọ́ láti ọwọ́ kan sí èkejì.

Tínrín wá na ọwọ́ sórí tábìlì, ó di ìka ìyá ẹ̀ mú. "Mọ́mì, kí ló dé tí ọwọ́ yín ń gbọ̀n?"

Dókítà dìde. Ó wọlé lọ, kò yà, kò wẹ̀yìn. Kíṣìnnì ló gbà lọ, ó sì pe Kóòṣì, ọ̀rọ̀ ń gun ara wọn lẹ́nu ẹ̀.

"Dírẹ́bà ń bọ̀, Mà. Mo ti ní ó dáa. Mi ò mọ bí mo ṣe sọ ọ́."

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mà, mo ní dírẹ́bà ń—"

"Mo gbọ́. Mo ní ṣé o ti jẹun."

"Rárá."

"Na ọwọ́ ẹ síwájú. Kí lo rí?"

"Ó ń gbọ̀n."

"Ká ní dírẹ́bà tó ń bọ̀ yẹn ló ní ọwọ́ yìí, ṣé wàá wọ mọ́tò ẹ̀?"

Dókítà ti ọwọ́ náà bọ àpò.

"Ṣé wàá gbé Tínrín sínú ẹ̀?"

"Ẹ sọ ohun tí mo máa ṣe fún mi, Mà. Ẹ dákun."

"Mi ò ní sọ ọ́. Ẹnu tìẹ ló gbọ́dọ̀ ti jáde, torí ọ̀la tún máa wà, èmi ò sì ní máa wà nínú fóònù lójoojúmọ́. Mo wà níbí. Mò ń gbọ́."

Àárín ọ̀rọ̀ yẹn ni Màmá já wọlé, Káfíńtà wà lẹ́yìn ẹ̀. "Kí ni gbogbo eléyìí níwájú àlejò? O fi wọ́n sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì bí ẹrù tí kò lólówó!"

"Wọ́n ní kí n wá síbi iṣẹ́, Màmá. Mi ò fẹ́ lọ."

"O ò fẹ́ kí ni? Kí wọ́n wá sọ ní ìta pé dókítà ilé wa kọ aláìsàn? Èmi ni wọ́n máa bi o! Èmi tí wọ́n ń pè ní Ìyá Dókítà!"

"Ṣé o ti rò ó dáadáa?" Káfíńtà ní, ó ń wo ilẹ̀. "Wọ́n lè sọ pé ọ̀lẹ ni ẹ́. Tàbí pé èmi ni mò ń dá ẹ dúró sílé."

"Ìyá tó bí ẹ ò kọ́ ẹ bẹ́ẹ̀," Màmá tún fi lé e. "Iṣẹ́ ló sọ ẹ́ dèèyàn. Ọjọ́ wo ni oorun sọ èèyàn di—"

"Lánàá, díẹ̀ ló kù kí n pa ọmọ ọlọ́mọ."

Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́, bí ẹni tó ní kí wọ́n bá òun na iyọ̀. Òórùn ìrẹsì tó ń jóná ti gba kíṣìnnì, kò sẹ́ni tó lọ síbẹ̀. Lójú fèrèsé, ariwo bẹ́ǹṣì ti dákẹ́ wẹ́lo. Àwọn tó wà níta ti gbọ́.

"Mo fa oògùn àgbà fọ́mọ. Nọ́ọ̀sì ló di ọwọ́ mi mú."

"Ọmọ ọ̀hún ńkọ́?" Káfíńtà ní. Ohùn ẹ̀ ti yí padà.

"Ó wà. Ara ẹ̀ ń yá. Èmi ni... kò ṣe mí bíi nǹkankan, Bàbá Tínrín. Mo kàn pe ẹni tó kàn." Ó yọ ọwọ́ ọ̀tún jáde lápò, ó gbé e lé tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife tí búrẹ́dì kú sí. Ọwọ́ yẹn ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí ṣíbí inú ife fi ń dún. Gbogbo wọn ń wò ó.

"Ọmọ ọdún mélòó?" Màmá béèrè.

"Kò tíì pé ọdún kan, Mà."

Màmá wo ọwọ́ yẹn, ó wò ó títí. Ó ti ń rí i lójoojúmọ́, ọwọ́ ìyàwó ọmọ ẹ̀, ọwọ́ tó fi ń yangàn ní gbogbo òpópónà. Ó rìn lọ sídìí gáàsì, ó pa á. Ó dúró síbẹ̀, ó kẹ̀yìn sí wọn.

"Ẹni tó bá máa dáṣọ fún wa..." ó bẹ̀rẹ̀. Kò parí ẹ̀.

Ìta ni ariwo ti wá. Pọ́ọ̀ pọ́ọ̀! Dírẹ́bà ọsibítù ti dé.

Ẹsẹ̀ Dókítà ti gbéra kó tó mọ̀. Ó dé ẹnu ilẹ̀kùn kíṣìnnì, ó di férémù mú, ó já fóònù Kóòṣì, ó fi ọwọ́ kejì tẹ nọ́ńbà ọ̀gá. Àyà ẹ̀ ń já tó fi jẹ́ pé òun fúnra ẹ̀ ń gbọ́ ọ láìlo ẹ̀rọ.

"Sà, mi ò lè wá."

"Báwo? Ṣebí o ní ó dáa."

"Mo sọ ọ́, sà. Kò dáa. Ara mi ò yá."

"Ta ni kí n wá fi síbẹ̀, Dókítà? Ta ni? Àwọn èèyàn lè kú o!"

"Mo mọ̀, sà. Ìdí tí mi ò fi lè wá nìyẹn."

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. Dókítà tún la ẹnu, ohun tó ti ń gbé kiri látọjọ́ pípẹ́ bọ́ síta. "Sà, ẹni mélòó ló yẹ kó wà ní wọ́ọ̀dù yẹn gan-an?"

Ariwo wọ́ọ̀dù ló ń gbọ́ lódì kejì: ọmọ tó ń ké, bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń tì. "A máa sọ̀rọ̀ tóo bá dé," ọ̀gá ní, ó sì já fóònù.

Ọ̀rọ̀ yẹn lè jẹ́ ire, ó lè jẹ́ ibi. Dókítà ò mọ̀. Ó pa fóònù pátápátá, ó da ojú ẹ̀ dé orí kọ́bọ́ọ̀dù. Ìka ẹ̀ ṣì ń wá a.

Ẹni tó wá ya gbogbo wọn lẹ́nu ni Káfíńtà. Ọkùnrin tí kò lè bá ìyá ẹ̀ sọ̀rọ̀ láàárọ̀ ló jáde lọ bá dírẹ́bà. Àwọn tó wà ní kíṣìnnì gbọ́ ohùn wọn láti fèrèsé.

"Kí n sọ fún wọn pé kí ló ṣe é?"

"Ṣé ìwọ lè wa mọ́tò tí bíréèkì ẹ̀ ti lọ?"

"Ká má rí i!"

"Sọ fún wọn pé bíréèkì ni. A ti gbé e wọ mẹkáníìkì."

Dírẹ́bà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín ẹni tí òun náà ò tíì sùn, ó yí mọ́tò padà.

Bẹ́ǹṣì ti ń tú ká. Bàbá Géètì dìde fúnra ẹ̀, ó ní orúnkún òun ti sàn lójijì, àrà ni. Ìyá Oníbúrẹ́dì gbé ọ̀rá ẹyin lé ẹnu ọ̀nà, kò kí ẹnikẹ́ni, ó ń lọ, ó ń wúkọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kó má baà pariwo. Màmá gba ìdérí lọ́wọ́ oníkálukú. Ẹyọ kan ló kù tó ń wá.

Tínrín ló gbé e wá sórí tábìlì kíṣìnnì. Ó fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ ìyá ẹ̀.

Ìrẹsì inú ìkòkò, ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀ ti jóná. Èyí tó funfun ni wọ́n bù. Dókítà jókòó. Ó gbé ṣíbí àkọ́kọ́ sẹ́nu, kò fẹ́ lọ. Mọ́tò kan kọjá níta, ó dá ṣíbí dúró. Mọ́tò yẹn lọ. Ó ń rò ó pé ta ló wà ní wọ́ọ̀dù báyìí, ta ló ń fa abẹ́rẹ́. Ó gbé ṣíbí kejì.

"Kí lo fẹ́ fi hàn mí láàárọ̀?" ó ní.

Tínrín wò ó bóyá ó mọ ohun tó ń sọ. "Eyín mi," ó ní. "Ó ń mì." Ó la ẹnu.

Dókítà na ọwọ́ síwájú, ó rántí, ó fẹ́ fà á padà. Ọmọ náà di ọwọ́ yẹn mú bó ṣe ń gbọ̀n, ó fi ìka ìyá ẹ̀ kan eyín. "Ẹ rí i? Ó ń mì bí ọwọ́ yín."

Níta, Màmá ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì, òun nìkan, ó fi gbogbo ara gbà á láti ìdí dé ìdí. Ẹnì kan ń bọ̀ lọ́nà. Ohùn ọkùnrin kan ni.

"Ìyá Dókítà, ẹ ǹlẹ́ o. Ẹ bá mi mú nọ́ńbà kan. Ṣé Dókítà wà nílé?"

Nínú kíṣìnnì, ìdí Dókítà ti kúrò lórí àga. Ó wà báyìí láàárín ìjókòó àti ìdìde, ṣíbí lókè. Tínrín ń wò ó.

"Ó wà nílé," Màmá dáhùn.

"Ẹ jẹ́ kí n wọlé ná."

"Ẹnì kan wà níwájú ẹ."

"Ta ni? Bẹ́ǹṣì mà ṣófo, Mà."

"Ó ti wọlé."

"Ṣé ó máa pẹ́?"

Màmá dẹ etí sí inú ilé. Ó gbọ́ tí àga dún bí ẹni tún jókòó. Lẹ́yìn ìyẹn ló gbọ́ ṣíbí, ó ń kan abọ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń dúró, ó tún ń kàn án.

"Ó máa pẹ́," ó ní.